Iná ABS Tàn: Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi Owó Ẹgbẹ́ Méfò

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Àwọn tó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá yóò rántí ariwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká lọ́jọ́ náà. Alága ní kí n lọ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà kí a tó dìbò lé e lórí. Ọ̀rọ̀ iná ni. Kì í ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì o, ìyẹn a ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Iná kékeré yẹ́lò kan ni, tó máa ń tàn níwájú dírẹ́bà nínú mọ́tò, tí wọ́n kọ ABS sí lára, pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ tí wọ́n kọ VSC sí, tàbí tí wọ́n ya mọ́tò tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí.

Ohun tí mo dá lábàá lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Mo ní kí ẹgbẹ́ wa má ṣe san kọ́bọ̀ mọ́ fún àtúnṣe iná yìí, àfi bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bá kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún wa, àti ibi tó ti rí i, àti bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò tó fi dá a lójú. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní akọ̀wé ti di mẹkáníìkì. Rárá o. Ìwé girama ni mo kà, ọ̀rọ̀ mọ́tò kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló fọwọ́ sí ìwé owó tó dá wàhálà náà sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja ní Makókó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fi kún tọwọ́ rẹ̀, ó ra Sienna tòkúnbọ̀ ti ọdún 2006. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi jẹ́ Sienna. Ẹ yọ àga ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ọ̀rá, ẹ to bàsíà ẹja sí i títí dé òrùlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wà á. Lónìí Ẹ̀pẹ́ ni, lọ́la kólúrùmù Ìjọra ni, àárọ̀ kùtù ni wọ́n sì ń dé kí àwọn oníbàárà tó kún ọjà. Owó ẹgbẹ́ ń wọlé lóṣooṣù, kò yẹ̀ rí.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, iná ABS tàn. Lọ́jọ́ kejì, VSC tẹ̀lé e. Ìyá ní kí ọmọ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. (N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibí kì í ṣe kóòtù.) Ọkùnrin náà yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù láti ojú fèrèsé, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò bẹ̀rẹ̀ wo táyà kankan. Ó ní, "Mama, pámpù ABS ti kú nìyẹn." Ó kọ bíìlì: ₦280,000, owó pámpù tòkúnbọ̀ àti owó iṣẹ́. Ìyá gbé bíìlì wá bá mi pé kí ẹgbẹ́ yá òun sí i. Mo ro owó inú rẹ̀ pọ̀, ó pé géérégé. Mo buwọ́ lù ú. Ẹ gbọ́ o: àròpọ̀ rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò, n kò yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò.

Wọ́n pààrọ̀ pámpù. Iná náà kú nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dé títì Herbert Macaulay, ó ti tún tàn. Èyí tó burú jù ni pé bùréèkì tó ń di mọ́tò mú dáadáa tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Mẹkáníìkì ní yóò mọ́ra. Kò mọ́ra. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọ náà ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ó wà lórí afárá Third Mainland, ó ku díẹ̀ kó yà sí Adékúnlé, ni dánfó kan bá dúró gbọn-in níwájú rẹ̀. Ó tẹ bùréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà náà ló tó di nǹkan mú. Mọ́tò fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó dúró síbi tí ọwọ́ kò lè gba àárín òun àti dánfó náà kọjá. Bàsíà ẹja dà lé e lórí láti ẹ̀yìn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ Makókó tí wọ́n bí sórí omi, ó ní ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ bẹ̀rù ọ̀sà.

Mọ́tò wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyá ń háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fi kó ẹja, èrè ọjà bá owó ọkọ̀ lọ, owó ẹgbẹ́ dáwọ́ dúró. Òfin wa kò sì fara sin: bí ẹni tó yá owó kò bá san, a ó gbà á lọ́wọ́ onídùúró. A gé owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn, owó fọ́ọ̀mù GCE ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbà jáde lóṣù náà. Ọmọ náà kò rí ìdánwò ṣe lọ́dún yẹn. Ohun tó fa ariwo ìpàdé wa gan-an nìyẹn. Obìnrin náà dìde, ó ní kí a sọ fún òun ohun tó kan ọmọ òun nínú ọ̀rọ̀ iná mọ́tò. Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un, èmi pẹ̀lú.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ABS ń ṣe, bó ṣe yé mi. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, nǹkan kékeré kan wà bí ojú, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó kọjú sí òrùka kan tó ní eyín bí eyín ayùn àwọn onípákó wa. Bí táyà bá ṣe ń yí, sẹ́ńsọ̀ ń ka eyín wọ̀nyí, ó sì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà lára pámpù ABS. (Ní àwọn mọ́tò kan kò sí eyín, mágínẹ́ẹ̀tì inú bẹ́ríìnì ló ń ṣe iṣẹ́ náà.) Mẹ́rin ni àwọn ojú yìí. Bí ẹ bá tẹ bùréèkì lójijì lórí títì tó tutù, tí táyà kan bá dúró nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ, táyà yẹn yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀ ni, sítíárì kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ mọ́, bí ọkọ̀ ojú omi tí àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Kọ̀ǹpútà ti rí i pé ojú kan kò ka nǹkan kan mọ́. Á ní kí pámpù dẹ bùréèkì táyà yẹn díẹ̀, kó tún dì í mú, kó tún dẹ̀ ẹ́, nígbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ bùréèkì fi máa ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà wa rò pé bùréèkì bàjẹ́ nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ má gbé e kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in, kí ẹ sì máa fi sítíárì yẹ ohun tó wà níwájú yín.

VSC ní tirẹ̀ ń lo ojú mẹ́rin kan náà, ó tún ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ibi tí ẹ yí sítíárì sí, àti òmíràn tó ń mọ bí ara mọ́tò ṣe ń yí. Bí ẹ bá yí sítíárì sí ọ̀tún tí mọ́tò ń yọ̀ lọ sí òsì, á fa bùréèkì táyà kan ṣoṣo, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí mọ́tò lè padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé bí ojú kan bá fọ́, iná méjèèjì ló ń tàn pọ̀. Kì í ṣe àìsàn méjì.

Kì í ṣe ohun àná. Bosch àti Mercedes ní Jámánì ló gbé irú ABS tí a mọ̀ lónìí jáde ní 1978, nínú Mercedes ńlá. Èyí tí Mercedes ń pè ní ESP, tí Toyota ń pè ní VSC, 1995 ló jáde. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ni pé ní 1997, àwọn oníròyìn mọ́tò ní Sweden wa Mercedes kékeré tuntun kan, A-Class, wọ́n yí sítíárì rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń yẹ ẹranko lójú títì, mọ́tò náà sì dojú dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mercedes fi ESP sínú gbogbo A-Class. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ ọ́ di òfin pé gbogbo mọ́tò kékeré àti jíìpù tí wọ́n bá ṣe fún títà níbẹ̀ láti September 2011 gbọ́dọ̀ ní in. Nítorí náà, bí tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà tí a ń rà bá ṣe ń jẹ́ ti ọdún tó sún mọ́ wa sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná yìí yóò ṣe máa wọ inú ìwé ẹ̀yáwó wa sí i. Kò ní lọ.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sórí Sienna wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin rèwáyà kan ní apá Yábàá ló tún un ṣe níkẹyìn. Mo tẹ̀lé wọn lọ, mo sì jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán, nítorí pé ojú ń tì mí láti jókòó sí ọ́fíìsì.

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ pààrọ̀ táyà tàbí bẹ́ríìnì kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé bátìrì kú rí? Kí lẹ máa ń kó? Nígbà tó gbọ́ pé ẹja ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹja pẹ̀lú yìnyín, àbí? Omi rẹ̀ ń ṣàn lọ síbo?" Ọmọ náà wò mí, mo wo ọmọ náà. Kò tíì sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè yìí rí, bẹ́ẹ̀ ni a ti ná ₦280,000.

Lẹ́yìn náà ló wo ọ́yìlì bùréèkì bóyá ó pé. Ó fi mítà wọn bátìrì, ó ní bátìrì tó bá ti rẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà ABS máa ké lórí àrùn tí kò sí. Ó yọ fíùsì wò. Ó ní kí ọmọ náà tẹ bùréèkì kí òun wo iná ẹ̀yìn, nítorí pé súìṣì kékeré tó wà nídìí ẹsẹ̀ bùréèkì náà lè tan iná ABS àti VSC bó bá bàjẹ́. Ó yí gbogbo táyà ká bóyá wọ́n jẹ́ nọ́ńbà kan náà. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi táyà kékeré kan ṣe sípéà, tí ẹ sì ń fi í rìn fún oṣù mẹ́ta, ẹ gbọ́: táyà kékeré máa ń yí yára ju àwọn yòókù lọ, kọ̀ǹpútà á sì rò pé mọ́tò ń yọ̀.) Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìgbà náà ló tó gbé skáànù jáde. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí pé ibí ni owó wa ti ń bá ẹsẹ̀ jáde. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojúhò kan lábẹ́ sítíárì tí wọ́n ń ki wáyà skáànù bọ̀. Ṣùgbọ́n skáànù ju skáànù lọ. Àwọn kéékèèké tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń gbé kiri, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń kà, kóòdù rẹ̀ á sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kóòdù bùréèkì. Bí skáànù kékeré bá ní òun kò rí nǹkan kan, kì í ṣe pé nǹkan kan kò sí. Kò dé yàrá yẹn ni. Àwọn àgbà rèwáyà mọ ọgbọ́n kan tó ti pẹ́, ti pé wọ́n á fi wáyà so ihò méjì pọ̀ nínú ojúhò yẹn lára àwọn Toyota kan, iná ABS á sì máa ṣẹ́jú láti ka nọ́ńbà àrùn náà. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n iná bátìrì wà nínú ọ̀kan lára àwọn ihò náà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ dán an wò.

Skáànù tirẹ̀ kọ C0215. Ó kọ ọ́ sára páálí kó tó pa á rẹ́. Mo ní, "Kí ló túmọ̀ sí?" Ó ní sẹ́ńsọ̀ táyà ẹ̀yìn apá òsì. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní Ládiípọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ kékeré. Ó ní, "Bàbá, kóòdù kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Àdúgbò ló ń dárúkọ." Mo ronú sí i lẹ́yìn náà, òótọ́ ni. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìjà wà ní Makókó, ṣé ẹ ti mọ ilé tí ìjà náà wà? Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ òrùka eléyín tó ti dípẹtà tàbí tó ti sán. Ó lè jẹ́ bẹ́ríìnì tó ti ń jò lọ jò bọ̀, tàbí bẹ́ríìnì tuntun tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Ó lè jẹ́ wáyà láàárín ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ara pámpù ló kẹ́yìn nínú gbogbo wọn, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún wa.

Ó ní kí ọmọ náà wa mọ́tò lọ díẹ̀, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú skáànù, èmi wà lẹ́yìn níbi tí òórùn ẹja wà. Skáànù ń fi bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń sáré hàn. Mẹ́ta ń kọ 30, 31, 30. Ìkẹrin ń kọ òfo. Táyà náà ń yí o, ìròyìn rẹ̀ ni kò dé. A padà, ó gbé e lórí jáàkì, ó fi ọwọ́ tẹ̀lé wáyà láti ìdí táyà títí tó fi dé ibi tí wáyà ti so pọ̀ mọ́ra. Ó tú u. Inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Omi ẹja tó ní iyọ̀ ti ń kán sí i láti ọjọ́ yìí wá, irin tín-ín-rín inú rẹ̀ rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gé ibẹ̀, ó jó o pọ̀, ó dì í kí omi má lè wọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló fi skáànù pàṣẹ fún pámpù kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n sì tú afẹ́fẹ́ jáde nínú bùréèkì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ pámpù ni kò jẹ́ kó le láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ará mi, bí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọmọ ọlọ́mọ lórí afárá, àtúnṣe wa ló fà á, kì í ṣe àrùn mọ́tò. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ₦12,000. Iná kú. Kò tíì tàn títí di òní.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé omi ẹja ló ń fa gbogbo rẹ̀. Rèwáyà náà sọ àwọn mìíràn tó máa ń bá pàdé. Bí bùréèkì bá ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ nígbà tí mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí kò sí ohun tó ń yọ̀, kí wọ́n lọ wo òrùka eléyín bóyá ó ti sán tàbí tó ti dípẹtà. Bí VSC bá tàn lẹ́yìn tí ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì tàbí tí ẹ tú orí bátìrì, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí àárín sítíárì wà mọ́, kí wọ́n kọ́ ọ padà ni. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, VSC á tàn tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bùréèkì kò ní àrùn kankan. Mo ti rí i fúnra mi pé wọ́n ń wá sẹ́ńsọ̀ bùréèkì kiri fún mọ́tò tó jẹ́ pé kátálísì rẹ̀ ni wọ́n ti yọ tà.

Ní ìpàdé, bàbá wa kan tó wa mọ́lúè Bedford nígbà ayé wọn dìde, ó ní kí a gé wáyà rẹ̀ dànù. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi wa ọkọ̀, òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ABS, òun kò sì pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bàbá gan-an. Mo bu ọlá fún wọn, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: bí iná yẹ́lò ABS bá tàn ní òun nìkan, bùréèkì tí a mọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè rọra wa mọ́tò yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú dáadáa. Kódà lórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ABS lè mú kí mọ́tò pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró. Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé ìgbà náà ní irin kan tó ń pín agbára bùréèkì láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí, wọ́n ti yọ irin náà, kọ̀ǹpútà ABS ló ń pín in. Ẹni tó bá gé wáyà rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ kò di Bedford o. Táyà ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ dúró lójijì, kí ìdí mọ́tò wá síwájú. Nítorí náà, bí iná ABS àti iná bùréèkì pupa bá tàn pọ̀, ẹ páàkì. Ẹ má kó ẹja, ẹ má kó èrò, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tó kan àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ mọ̀ pé iná yìí máa ń lé oníbàárà, nítorí náà àwọn kan nínú wọn a máa yọ gílóòbù rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ a so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ọ́yìlì ẹ́ńjìnnì, kí méjèèjì lè máa tàn pọ̀ kí wọ́n sì máa kú pọ̀. Ẹ wo bí ẹ ó ṣe mú wọn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Iná ABS gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nígbà tí iná ọ́yìlì àti ti bátìrì ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Bó bá dúró ti iná ọ́yìlì títí ẹ fi sítáàtì mọ́tò, tí àwọn méjèèjì wá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bi olówó mọ́tò léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mo ti wo mọ́tò mẹ́rin tí ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó wa rà. Ọ̀kan nínú wọn kò ní gílóòbù. Ẹni tó fẹ́ rà á bínú sí mi, ó ní mo ba ọjà òun jẹ́. A ti parí ìjà náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín láti dìbò fún nìyí. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí a fẹ́ yá owó lé lórí, lójú oníbàárà, kí a tó fọwọ́ sí i. Kí bíìlì àtúnṣe bùréèkì má wọlé láìsí kóòdù tí wọ́n kà lára rẹ̀, àti ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn kóòdù náà. Kí ẹgbẹ́ sì ra skáànù tó ń ka kóòdù C, kí ó wà ní ọ́fíìsì, kí ọmọ ẹgbẹ́ san owó díẹ̀ láti lò ó, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti béèrè iye rẹ̀, kò tó bíìlì pámpù yẹn. Àwọn mẹkáníìkì kan láàárín wa ń kùn pé a fẹ́ gba iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń wá ìdí àrùn kó tó ta oògùn kò ní ohun tí yóò pàdánù níbẹ̀. Òun gan-an ni yóò máa rí iṣẹ́ wa gbà.

Ìkẹrin ló le jù, ìdí rẹ̀ sì ni mo fi kọ ọ́ kẹ́yìn. Kí a dá owó tí a gé padà fún àwọn onídùúró méjèèjì. Wọ́n dúró fún ìyá náà pé yóò san owó, wọn kò dúró fún èmi pé mo mọ ohun tí mo ń fọwọ́ sí. Kí a yọ ₦30,000 nínú rẹ̀ lára owó ìdúpẹ́ akọ̀wé ti ọdún yìí, kí ẹgbẹ́ sì fi ìyókù kún un. Bí ẹ bá rí i pé ₦30,000 kéré, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé. Fọ́ọ̀mù GCE yóò tún jáde lọ́dún yìí.

Ìpàdé wa bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo gba pámpù àtijọ́ tí wọ́n yọ lára Sienna náà padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ó wà lábẹ́ tábìlì mi nínú ọ́fíìsì. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹni tó ń wá irú rẹ̀ rà, kó jọ̀wọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ti ìyá náà ni owó rẹ̀.